Ẹja mẹ́ta tó ń jẹ́ Kingsley

Ẹja mẹ́ta ló wà nínú àwọn odò ilẹ̀ Áfíríkà tí orúkọ obìnrin òyìnbó kan náà wà lára wọn. Obìnrin yìí kò jókòó ní kíláàsì rí, ká má tíì wá sọ yunifásítì. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìjọba kankan kò sì rán an níṣẹ́. Ó kàn wọ ọkọ̀ ní Liverpool ní 1893, ó gúnlẹ̀ sí etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú tó ń gbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè nípa ẹja odò wọn. Mary Kingsley lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1900 ló kú, ẹni ọdún 37 péré.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá ní Kàbà nínú ìyẹn. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, àmọ́ ní ọjọ́ tí ìròyìn bá tutù, odò ni mo ń lọ. Òkun ni wọ́n ń pe àwa ará Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àmọ́ ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, kì í ṣe omi iyọ̀. Ẹni tó bá ń wá omi ńlá, kó máa lọ sí Lọ́kọ́ja. Odò kéékèèké la ní lọ́dọ̀ wa: omi tó ń gba àárín àpáta kọjá, tí igi bò lórí, tó ń kún nígbà òjò, tó sì ń di adágún wẹ́wẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Èkó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òyìnbó kan dúró sínú odò kékeré, omi dé e lórúnkún, ó ń ju okùn síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń na afẹ́fẹ́ ní pàṣán. Ọmọ náà ní ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ ní Kàbà, kí òun ra irinṣẹ́ bọ̀ wálé nígbà Kérésì. Ibi tí mo ti ń wá èsì fún un ni mo ti bá ìdílé Kingsley pàdé.

Ẹja tí òyìnbó inú fídíò yẹn ń wá ni wọ́n ń pè ní trout. Omi tútù ló ń gbé, omi tó mọ́, tó sì ń sáré. Kò sí i lọ́dọ̀ wa, omi wa ti lọ́wọ́ọ́rọ́ jù fún un. Nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ máa rí i pa ní Kenya, ńṣe ni wọ́n kó ẹyin ẹ̀ wá láti Scotland ní 1905, odò orí òkè tí omi ti tutù ni wọ́n sì kó o lọ. Ohun tí wọ́n fi ń tan ẹja yìí kì í ṣe ekòló. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ tíntín kó lè jọ kòkòrò tó bà sójú omi. Irọ́ pátápátá ni, ẹja ló ń gbà á gbọ́. Nítorí pé ìyẹ́ kò wúwo, èèyàn ò lè jù ú lọ síbì kankan. Okùn ni wọ́n ṣe kó wúwo, okùn ni wọ́n ń jù, ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá àti okùn fi gbọ́dọ̀ bára wọn mu, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bá odò mu. Odò tóóró tí igi bò, ọ̀pá kúkúrú, okùn fẹ́ẹ́rẹ́. Odò gbalasa, ọ̀pá gígùn. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá gígùn wọ odò tóóró, orí igi ni ìwọ̀ ẹ̀ máa sùn.

Charles Kingsley, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Eversley, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ràn ẹja yìí bí ẹní máa kú. Ní 1858 ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí wọ́n ṣe ń pa trout nínú àwọn odò tó ń ti inú òkè ẹfun jáde ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863 ó tẹ ìwé The Water-Babies jáde, ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ inú ẹ̀fín ilé olówó, tó di ẹ̀dá inú omi, tó ń bá àwọn ẹja gbé. Àbúrò Charles yìí, George, dókítà ni, òun náà sì jẹ́ ògbóǹkangí apẹja àti ọdẹ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá àwọn ọlọ́lá rìnrìn àjò káàkiri ayé kó lè máa tọ́jú ìlera wọn, ìyẹn ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. George ni bàbá Mary.

Islington ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ní October 13, 1862. Ẹ gbọ́ òfófó kékeré kan: ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú kí wọ́n tó bí i ni bàbá àti ìyá ẹ̀ tó ṣègbéyàwó. Ìyá náà ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé bàbá. Lóde òní, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, àmọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi aṣọ bò ni. Mary dàgbà sínú ilé tí fèrèsé ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, òun ló ń tọ́jú ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin lọ sí Cambridge. Ní tiẹ̀, owó kan ṣoṣo tí wọ́n ná lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ni owó kíkọ́ èdè Jámánì, nítorí pé bàbá ẹ̀ nílò ẹni tó máa bá a ka ìwé àwọn ará Jámánì. Ìyókù, inú yàrá ìwé bàbá ẹ̀ ló ti jí i kọ́. Ó ń ka ìtàn ìrìn àjò, ó ń ka sáyẹ́ǹsì, ó ń gbọ́ ìròyìn odò àti igbó láti ẹnu bàbá tó ń wọlé tó ń jáde.

Ní 1892, bàbá kú ní February, ìyá tẹ̀ lé e ní April. Ọmọ ọdún 29 ni Mary. Lójijì, kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀ nínú yàrá aláìsàn mọ́. Ó lọ sí erékùṣù Canary láti fara balẹ̀, ibẹ̀ ló ti bá àwọn oníṣòwò tó ń ti etíkun wa bọ̀ pàdé. Nígbà tó fi máa di 1893, ó ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Lagos. Rárá o, mi ò fi ṣeré, Lagos ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà.

Ohun méjì ló ní òun ń wá: ẹ̀sìn àwọn èèyàn, àti ẹja inú odò wọn. Ọgbọ́n tó sì dá ni mo gbà pé ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ìgbà náà. Àwọn yòókù ń kó sọ́jà àti ìbọn rẹpẹtẹ dání. Mary Kingsley kó ọjà. Aṣọ, tábà àti ìwọ̀ ẹja ló fi ń ṣòwò láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀. Bí àlejò bá wọ abúlé tó ní òun kàn wá wo yín, ojú burúkú ni wọ́n máa fi wò ó. Bó bá ní òun gbé ìwọ̀ wá, ẹ jẹ́ ká dúnàádúrà, ó ti di èèyàn tó yé gbogbo ayé nìyẹn. Wọ́n á bú u pé ọjà ẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún un níbi tó máa sùn, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí iye tó kẹ́yìn.

Ó padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1894 pẹ̀lú àwọn ẹja tó kó bọ̀. Ó kó wọn lọ bá Albert Günther ní British Museum. Nígbà náà, bóyá la fi rí ẹlòmíì láyé tó mọ ẹja ju Günther lọ. Ohun tó rí wọ̀ ọ́ lójú, ó sì ní kó tún padà lọ, kó bá òun wá ẹja inú omi aládùn, pàápàá láti agbègbè tó wà láàárín odò Ọya àti odò Congo, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kò tíì mọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Ó fún un ní àwọn ohun èlò, títí kan ọtí líle tí wọ́n máa ń rẹ ẹja sí kó má bàa jẹrà. Ní December 1894 ó tún wọ ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ dúró ní Calabar, níbi tó ti bá wọn tọ́jú aláìsàn nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣèbẹ̀wò sí Mary Slessor ní Òkóyọ̀ng. Ní May 1895, ó kọjá sí Gabon.

Odò Ogowe ní Gabon kì í ṣe odò tóóró ti Eversley o. Omi ńlá ni, ó ní ibi tó ń ru gùdù lórí àpáta, ó ní ọ̀nì, ó ní erinmi. Mary sùn ní ilé àwọn ajíhìnrere ará Faransé ní Lambaréné àti Talagouga, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ bí àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é pọ̀, kò gbọ́. Lára gbogbo ohun tó gbé ṣe láyé ẹ̀, mímọ ọkọ̀ tù yìí wà lára èyí tó fi ń yangàn jù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Apẹja tí kò bá lè dá dé ibi tí ẹja wà, ẹja tí wọ́n bá bù fún un ló máa mú lọ sílé.

Wàyí o, ẹ wo ìṣòro tó wà níwájú ẹ̀. Ẹni tó ń pẹja jẹ, ẹja ńlá ló ń wá. Ẹni tó ń kó ẹja fún Günther, gbogbo ẹja ló ń wá, pàápàá àwọn tíntín tí ẹnikẹ́ni kì í bu sínú ọbẹ̀, àwọn tó ń gbé inú ẹrẹ̀, àwọn tó ń sá sábẹ́ ewé tó jábọ́. Ìwọ̀ kò lè mú ẹja tí ẹnu ẹ̀ kò gba ìwọ̀. Ọ̀pá trout ti Charles, bó ti wù kó dára tó, kò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó fi àwọ̀n àti apẹ̀rẹ̀ pẹja nínú odò náà láti kékeré ni èèyàn máa bá lọ. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ó gbéra lọ sí erékùṣù Corisco nítorí ó gbọ́ pé àwọn adágún kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló ń pẹja nínú ẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí wọ́n á sì kó apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú omi lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà yín ní Òkun bóyá wọn ò mọ èyí. Ní kékeré wa, bí odò bá ti gbẹ títí tó ku adágún wẹ́wẹ́, àwọn obìnrin àti ọmọdé la máa ń bá níbẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ dí orí omi, wọ́n á fi igbá gbọ́n ọ́n títí ìsàlẹ̀ fi máa yọ, àrọ̀ á wá máa gbọn ìrù nínú ẹrẹ̀. Ariwo tí wọ́n ń pa níbẹ̀, ẹ máa rò pé ọjọ́ ọjà ni. Àwọn ọkùnrin tó mú ìwọ̀ dání á jókòó sábẹ́ igi lókèèrè, wọ́n á máa ṣe bíi pé iṣẹ́ tiwọn ló le jù.

Èsì tí mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà nìyí, ẹ bá mi fi kún un bí ẹ bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má ná owó lórí ọ̀pá òyìnbó. Odò tí igi bò bíi tiwa kò ní àyè tí èèyàn fi máa ju okùn sẹ́yìn. Ọparun kúkúrú tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, okùn ọ̀rá tín-ín-rín, ìwọ̀ kékeré, ekòló díẹ̀, epìyà máa jẹ ẹ́. Ẹnu epìyà kéré, ìwọ̀ tó bá tóbi, ńṣe ló máa tu ekòló yẹn jẹ kúrò lára ẹ̀ tó sì máa lọ. Ti àrọ̀ yàtọ̀. Òru ni tiẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ni tiẹ̀, ìwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, okùn náà gbọ́dọ̀ lágbára nítorí abẹ́ gbòǹgbò igi ló máa wọ́ ọ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹja jíjẹ ni èèyàn ń wá tí kì í ṣe eré, ìgèrè ni. Ẹnu ìgèrè tó wọ inú bí àrọ tí wọ́n fi ń da epo sínú ìgò, ẹja á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Níbẹ̀rẹ̀ òjò, tí ẹja ń gòkè odò, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń kọjú ẹnu ẹ̀ sí. Tí omi bá ń fà padà, wọ́n á yí i. Ẹni tó hun ìgèrè àkọ́kọ́ ti wo ẹja pẹ́ kó tó hun ún.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni ni Gamalin. Oògùn kòkòrò oko kòkó ni, àwọn kan ń dà á sódò kí ẹja lè léfòó. Ó ń pa ńlá, ó ń pa kékeré, ó ń pa èyí tí kò tíì ní orúkọ, a sì tún ń pọn omi yẹn mu. Ẹni tó ń ṣe é kì í ṣe apẹja, ẹ má jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ká padà sí Gabon. Nínú irà kan, ọ̀nì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré tí Mary wà nínú ẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọlé jókòó. Ó fi àjẹ̀ gbá a nímú, ó sì tukọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ló gba inú igbó láti odò Ogowe lọ sí odò Rembwe, ọ̀nà tí àwọn òyìnbó kì í gbà, láàárín àwọn Fang tí wọ́n ń bẹ̀rù ní gbogbo etíkun. Ó já sínú ọ̀fìn tí àwọn ọdẹ gbẹ́, èèkàn ṣóṣóró wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àmọ́ aṣọ gígùn tó nípọn tó wọ̀ ni kò jẹ́ kí èèkàn wọ̀ ọ́ lára. Ní abúlé kan, òórùn kò jẹ́ kó sùn, ló bá sọ àpò tó gbé kọ́ ògiri kalẹ̀, ó tú u sínú fìlà ara ẹ̀: ọwọ́ èèyàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú, etí. Ó kó wọn padà sínú àpò, ó sì gbé àpò náà kọ́ padà. Ìtàn yìí ni ayé fi mọ̀ ọ́n, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbádùn ẹ̀ dáadáa.

Èyí tí ayé kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni àwọn tó mú un la igbó yẹn kọjá. Ọkùnrin Ajumba mẹ́rin ló wà lára wọn. Nínú ìwé ẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Gray Shirt, ìkejì Singlet, ìkẹta Silence, ìkẹrin Pagan. Ẹ̀wù tí ẹnì kan wọ̀ di orúkọ ẹ̀ títí ayé. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ di Silence. Wọ́n ní ìyá tó sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n ní oríkì àbí ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ wọn, àmọ́ kò sí ìyẹn nínú ìwé. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn wọn, ó kọ ìtàn wọn tìfẹ́tìfẹ́, ó yìn wọ́n fún ìgboyà wọn. Ìyẹn ló tiẹ̀ ń dùn mí níbẹ̀.

Ní September 1895, ó gun Òkè Cameroon, ìyẹn ga ju 4,000 mítà lọ, nínú òjò àti ìjì. Ní ìparí November, ó ti dé Liverpool. Günther tú àwọn ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní 1896, ó fún ẹja mẹ́ta ní orúkọ obìnrin náà. Èkíní ni Ctenopoma kingsleyae, ẹja tó lè mí afẹ́fẹ́ lójú omi, tó sì lè gbé nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ẹja mìíràn ti máa kú. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Brycinus kingsleyae báyìí, ẹja wẹ́wẹ́ oníìpẹ́ tó ń dán. Ẹ̀kẹta, Paramormyrops kingsleyae, ló wù mí jù. Ó ń fi iná mànàmáná sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn omi. Kì í ṣe iná tó ń gbáni dànù bíi ti òjìjí, iná kékeré ni, tó fi ń mọ ohun tó wà láyìíká ẹ̀, tó sì fi ń mọ ẹja ẹgbẹ́ ẹ̀. Títí dòní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣì ń lọ sí Gabon torí ẹja yìí.

Èmi ò sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ṣiṣẹ́, ó sì fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu. Àmọ́ àwọn tó ń gbé etí odò yẹn ti mọ àwọn ẹja náà kó tó dé, wọ́n sì ti ń fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn, wọ́n ti ń dáná wọn jẹ. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja náà lédè wọn kò wọnú ìwé Günther. Nígbà mìíràn tí mo bá di ìwọ̀ mú lódò wa, tí ẹja kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí èmi fúnra mi kò mọ orúkọ ẹ̀ ní Owé, tí mo sì mọ̀ pé màmá àgbà tó wà nílé mọ̀ ọ́n, ara mi kì í lélẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀ lórí fóònù mi báyìí, mo ń ya àwòrán ẹja, mo sì ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀.

January 1897 ni ìwé ńlá tó kọ jáde, Travels in West Africa, ó sì tà bí àkàrà. Ní January 1897 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Kàbà. Àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ti Lọ́kọ́ja gbéra, Sir George Goldie ló kó wọn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ogun Bìdá ti ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, tí àwọn ìlú Òkun ń fi ọmọ wọn san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà fi máa dé Kàbà, ogun Nupe ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú, Bìdá sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kí oṣù náà tó parí. Báyìí ni àjàgà kan ṣe kúrò lọ́rùn wa tí òmíràn sì gorí ẹ̀.

Mary Kingsley kò dé Kàbà rí, kò sì wọ odò Ọya gòkè. Àmọ́ Goldie di ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, ó sì fi àyà ja ìjà fún irú ìjọba tí Goldie ń ṣe. Èrò ẹ̀ ni pé kí oníṣòwò máa darí, kí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù má wá fi òfin da àṣà àwọn èèyàn rú. John Holt ará Liverpool, tí ẹ ṣì ń rí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ní Èkó, wà lára àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà. Mo rí ọgbọ́n díẹ̀ nínú èrò yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí ilé lé àwọn ará Sàró lórí ní 1898 tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀, òun ló dìde tó ní ìjọba ló jẹ̀bi, pé lójú àwọn ará ibẹ̀, ẹni tó bá ń san owó lórí ilé ara ẹ̀ kò ní ilé mọ́. Ó gbèjà ìkóbìnrinjọ nígbà tí àwọn ajíhìnrere ń bú u. Àmọ́ ó tún gbèjà àwọn tó ń kó ọtí wọlé fún wa, kò sì gbà pé èèyàn dúdú àti funfun dọ́gba. Ó ní a yàtọ̀, kò ní a dọ́gba. Kò tiẹ̀ fẹ́ kí àwọn obìnrin ilẹ̀ ẹ̀ dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di akọni láìkù síbì kan, mi ò bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ràn yẹn, owó epo pupa ló bá wá, kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ Òkun.

Ìwé ẹ̀ kejì, West African Studies, jáde ní 1899. Ó ya orí kan odindi sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ẹja pípa ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Ó tún ṣètò àwọn ohun tí bàbá ẹ̀ kọ sílẹ̀ nípa ìrìn àjò, ọdẹ àti ẹja, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá náà ṣíwájú ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1900. Lẹ́nu ọdún yẹn gan-an, ní January 1, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Royal Niger Company, wọ́n sì ta àsíá wọn ní Lọ́kọ́ja. Ohun tí Mary ti ń bá wọn jà sí ti ṣẹlẹ̀.

Ó fẹ́ tún padà wá sí etíkun wa. Ogun Boer ló ń lọ lọ́wọ́ ní South Africa, ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ ná. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n Boer sí ní Simon's Town, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ń pa wọ́n bí ẹní ń ká àgbàdo. Bó ṣe tọ́jú ìyá ẹ̀ láyé àtijọ́ ló ṣe tọ́jú wọn. Ibà náà mú òun pẹ̀lú, ó sì kú ní June 3, 1900. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ African Society sílẹ̀ ní ìrántí ẹ̀, Royal African Society ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ó ti sọ fún wọn pé inú òkun ni kí wọ́n sin òun sí. Àwọn sọ́jà àti ọmọ ogun ojú omi fi ọlá ńlá gbé e lọ, ọkọ̀ gbé pósí jáde kúrò létíkun Simon's Town, wọ́n rọra tì í sínú omi. Pósí náà kò rì, ó léfòó. Wọ́n ní láti fi ọkọ̀ kékeré lépa ẹ̀, wọ́n so ìdákọ̀ró mọ́ ọn, ìgbà yẹn ló tó wọlẹ̀ lọ.